Ìlú Tí Kò Ní 'Ẹ'

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tó ń jẹun nínú àwo tó tún ń tutọ́ sínú rẹ̀, ẹ kúkú lọ dúró sórí afárá Odò Ọya láàárọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ti Asaba kọjá sí Onitsha. Ọláòtán Akínbíyìí ni kí ẹ máa wò nínú bọ́ọ̀sì. Táì á wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà á máa dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, áńkáṣíìfù á sì ti bo imú rẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé ìdajì afárá. Bánkì ló gbé e kúrò ní Ìbàdàn wá sí Onitsha. Wọ́n fi kún owó oṣù rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ọ́fíìsì tó tutù dáadáa. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Òun lọ gba ilé sí Asaba lódìkejì odò, ó ní bí òun bá sùn ní Onitsha, wọn á ti ta bẹ́ẹ̀dì tí òun sùn lé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kò sí ohun tó wà nílùú náà tí kò ní èébú tirẹ̀ lẹ́nu Ọláòtán. Ọjà ńlá tó wà nítòsí odò, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá ná, ó ní ihò èkúté ni. Àdúgbò Fegge, ó ní ilé gun ilé, wáyà gun wáyà. GRA nìkan ló gbà pé èèyàn ń gbé, ìyẹn náà, ó ní kìkì ariwo jẹnẹrétọ̀ ni. Títì Iweka ńkọ́? Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀run àpáàdì han èèyàn kó tó kú, kí wọ́n já a sílẹ̀ níbẹ̀ lásìkò òjò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo tàbí ìdọ̀tí ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún wọ egungun ni pé gbogbo ìlú ń pè é ní 'ìwọ'. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà bánkì á wò ó lókè wò ó nílẹ̀, á ní, "You don come?" Ọmọdé tó ń ta omi tútù á ké pè é pé, "Nna, bịa!", ìyẹn 'ìwọ, máa bọ̀', bíi pé wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Ọláòtán sí. Ní Ọ̀yọ́, bí ẹnìkan bá fi ọjọ́ kan péré ṣáájú rẹ dé ayé, ó di 'ẹ' nìyẹn títí tí ọ̀kan nínú yín á fi kú.

"Ìlú tí kò ní 'ẹ'," ló máa ń wí fún Bùnmi, ọmọ Yorùbá kejì tó wà ní bánkì náà, "kò lè ní àgbà. Ìlú tí kò sì ní àgbà, ọjà lásán ni."

"Ọjà náà ló ń san owó oṣù wa," ni Bùnmi máa ń dá a lóhùn, kò sì ní gbójú sókè kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Òjò ọjọ́ kan ló mú un. Ilẹ̀ ti kún fún omi ní títì Iweka, oníkẹ̀kẹ́ tó gbé e sì ní òun ò lọ mọ́, pé kó bọ́ọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Odoakpu. Ọláòtán bọ́ọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìríra, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí adìyẹ tó já wọ ibi tí kò dé rí. Ibi tó fojú sí kọ́ ni gọ́tà wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlé títí dé orókún, èkejì kọ̀ láti tẹ̀lé e, ṣòkòtò bánkì sì fà ya láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí kò yẹ kí ṣòkòtò ti ya. Àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń sọ fún un pé, "Ndo, ndo," bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ pé pẹ̀lẹ́.

"Ìlú burúkú!" Ọláòtán fi Yorùbá pariwo. "Ìlú tí Ọlọ́run gbàgbé!"

"Ọlọ́run ò gbàgbé wa o," ohùn kan dá a lóhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. "Ìwọ lo gbàgbé láti wo ilẹ̀. Wọlé, kí o bọ́ ṣòkòtò rẹ, kí n bá ọ rán an."

Yorùbá ni. Yorùbá tó mọ́ gaara, tí 'ìwọ' sì jókòó sáàárín rẹ̀ bí òkúta inú ìrẹsì. Ọláòtán yíjú pẹ̀lú ìbínú, ó sì rí ọmọbìnrin kan tó gbé okùn ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀. Ìbínú náà kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́.

Báyìí ni ọ̀gá bánkì ṣe jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Tìjání, télọ̀ ará Ìsẹ́yìn tó ti ń gbé Odoakpu láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àgékù léèsì ni wọ́n fún un ró mọ́ ìdí, ó sì há ẹsẹ̀ pọ̀ bí ìyàwó tuntun. Súlìyát, ọmọ Bàbá Tìjání, tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì, ó ń rán ṣòkòtò. Nígbà tó yá, ó dúró, ó kọjú sí baba arúgbó tó ń gé aṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ṣé o ti lo oògùn rẹ? Má parọ́ fún mi o."

"Mo ti lò ó, ọmọ mi."

Ọláòtán fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àpótí tó jókòó lé. Ní ilé tiwọn l'Ọ́yọ̀ọ́, eyín iwájú ni ọmọ tó bá sọ irú èyí fún baba rẹ̀ yóò fi san án. Bàbá Tìjání rí ojú rẹ̀. Nígbà tí Súlìyát jáde lọ ra òwú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu, ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ kú kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Igbo ló ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ níta, èmi nìkan ló sì ń bá a sọ Yorùbá nínú ilé. Báwo ni bàbá ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀? 'O ti jẹun? Wá síbí. Ṣé ara rẹ yá?' Ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi náà ló ń dá padà fún mi. Nígbà kan mo ní kí n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti iṣẹ́ dé, tí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé, tí ọmọ kékeré wá sọ fún un pé 'o kú iṣẹ́', ṣé ó máa ní kó lọ tún un sọ ni?"

Ọláòtán mi orí bí ẹni tó gbọ́. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní àwáwí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Súlìyát padà wọlé tí òjò rin ín, tó ń fi èdè Igbo bú ẹni tó ta òwú fún un, tó tún ń rẹ́rìn-ín, ọkàn ọkùnrin náà fò sókè. Ó wọ ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ, ó sì gbàgbé láti fi áńkáṣíìfù bo imú.

Láti ìgbà náà, ṣòkòtò Ọláòtán kò gbádùn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa òwú ìdí wọn tu. Ìyá Ìdrís, ará Ìwó tó ń ṣe irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, dúró wò ó lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀gá bánkì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí igi ni wọ́n ń jókòó sí níbi iṣẹ́ yín ni?"

Súlìyát rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọláòtán náà rẹ́rìn-ín, ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Ní ọjọ́ Sunday kan, Súlìyát ní kó sin òun lọ sí Odekpe, níbi tí òun fẹ́ kó aṣọ iléèwé tí òun rán lọ fún àwọn kan. Omi odò kún nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ létí odò. Bí wọ́n ti ń lọ ni àwọn èèyàn ń kí i láti inú ọkọ̀ mìíràn, tí àwọn tó ń já iṣu ń pè é ní "Ada Tailor", ìyẹn àkọ́bí ọmọbìnrin télọ̀, tí òun náà ń dá wọn lóhùn lókè ohùn. Ọláòtán di ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, Súlìyát fi ọwọ́ yí ojú rẹ̀ padà sẹ́yìn.

"Wò ó láti ibí yìí. Wo afárá. Wo òrùlé ọjà bó ṣe ń dán. Ṣé kò rẹwà?"

"Bí ààtàn bá jìnnà síni," Ọláòtán wí, "ó máa ń rẹwà."

Súlìyát mú ọwọ́ kúrò lójú rẹ̀. "Ẹnu rẹ ń rùn ju gọ́tà Iweka lọ," ó wí, Ọláòtán sì rẹ́rìn-ín débi tí ọlọ́kọ̀ fi ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó wo omi, ó ní Odò Ọya mà tóbi. Súlìyát ní Orimili ni àwọn ń pè é. Ọláòtán ní Odò Ọya ni orúkọ rẹ̀ gan-an.

"Omi kan náà ni," Súlìyát wí. "Èyí tó wù ọ́ ni kí o pè é. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó pe òun ní 'ẹ'."

Ọláòtán yíjú sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló bá sọ.

"Súlìyát, mo fẹ́ràn rẹ."

"Mo mọ̀. Àwọn ṣòkòtò rẹ ti sọ fún mi."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ó ń bà mí lẹ́rù bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ tó." Ó ti ọwọ́ bọ inú omi, ó fà á jáde. "Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti wá ńkọ́? Èèyàn kì í fẹ́ràn orí kó kórìíra ọrùn."

"Màá gbé ọ kúrò níbẹ̀," ni Ọláòtán wí. Ó rò pé ìdáhùn ni.

Ó pinnu láti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ìyá tó máa ń pa rédíò nítorí pé olóòtú kan ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Nígbà tó sọ fún un lórí fóònù, ìyá náà ní, "Onitsha? Ṣé àwọn tó wà n'Íbàdàn ti kú tán ni?" Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. "Ṣé ó gbọ́ Yorùbá?"

"Ó gbọ́ ọ, mà. Ó gbọ́ ọ dáadáa."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, òógùn bò ó. Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Súlìyát ní 'ẹ'. Ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun? Oúnjẹ yín rèé. Súlìyát ń sọ ọ́ bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná tí kò rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

"Ta ni à ń pè ní 'ẹ' gan-an?" ó béèrè.

"Àgbà. Àlejò. Ẹni tí a kò mọ̀. Ẹni tí kì í ṣe ara wa."

"Ẹni tí a fẹ́ràn ńkọ́?"

"Ìyẹn, 'ìwọ' ni. Ọ̀rẹ́, 'ìwọ' ni. Ọlọ́run pàápàá, bí èèyàn bá ń gbàdúrà, 'ìwọ' ló ń pè é."

"Kí ló dé tí ìyá rẹ wá fẹ́ kí n pe òun ní ohun tí wọ́n ń pe àlejò?"

"Súlìyát, má jẹ́ kórí fọ́ mi. Ṣá máa sọ ọ́."

"Ó ti yé mi," Súlìyát wí. Ó tẹ maṣíìnì.

Ìyá Ìdrís ló ṣe alárinà lọ bá Bàbá Tìjání. Ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní baba gbà, wọ́n kàn ní ìbéèrè kan. "Wọ́n ní, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ọmọ àwọn ni, àbí ẹ fẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn?" Ọláòtán rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà fẹ́ràn òwe jù. Kò dáhùn ìbéèrè náà.

Ìyá rẹ̀ dé lásìkò tí òjò ń lọ sópin. Ó gbé omi mímu tirẹ̀ lọ́wọ́ láti Ọ̀yọ́, nítorí kò ní fẹnu kan omi Onitsha. Nígbà tí wọ́n gbé àga fún un ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Tìjání, ó fi etí gèlè nu àga náà kó tó jókòó. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni Ọláòtán lóòótọ́, ẹ ò rí i pé èèyàn kì í jí ìwà kó.

Súlìyát jáde, ó kúnlẹ̀ lórí orókún méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

Ojú ìyá náà rọ̀ díẹ̀. Ọláòtán ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀. Súlìyát gbé oúnjẹ wá, ó ní oúnjẹ yín rèé, mà. Ìyá ní, "Kò burú." Ó tọ́ oúnjẹ náà wò, ó tún ní kò burú. Ó dìde láti wo bùbá kan tí wọ́n gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ní ìmọ́lẹ̀. Pákó tí wọ́n fi bo gọ́tà ló fẹsẹ̀ tẹ̀, gọ́tà ọjọ́sí tó gbé ọmọ rẹ̀ mì. Pákó náà yẹ̀.

"Màmá!" Súlìyát ti fò dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mira. Ó gbá obìnrin náà mú láyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Dúró! Di ọrùn mi mú! Mo ti mú ọ, má bẹ̀rù. Ṣé o fara pa? Fi ẹsẹ̀ rẹ hàn mí."

Ó gbé e jókòó, ó wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó ń fi í nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ìyá náà. Ìyá náà wò ó títí.

"Ta ló ń bá wí?" ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dúró. "Ta ni 'ìwọ'? Ta ni 'ẹsẹ̀ rẹ'? Èmi, tí mo bí Ọláòtán, tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáájú rẹ̀? Ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ẹrẹ̀ ló ń pè mí ní 'o'?"

Bàbá Tìjání dìde, ó bọ́ fìlà. "Ẹ má bínú, Ìyá Ọláòtán. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Súlìyát kò wo ìyá náà, kò sì wo baba rẹ̀. Ọláòtán ló gbójú lé. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tí ojú náà ń sọ kò sì ṣòro: ìwọ tí o mọ ìdí rẹ̀, sọ fún wọn. Ọláòtán là ẹnu. Ó fẹ́ tu ìyá rẹ̀ nínú, ó sì rò pé òun ń gbèjà ìyàwó àfẹ́sọ́nà òun.

"Màmá, ẹ má dá a lẹ́bi. Ṣé ẹ ò rí ibi tí wọ́n tọ́ ọ sí ni? Orí ààtàn! Télọ̀ tí kò mọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ ló sì tọ́ ọ, kí ló fẹ́ mọ̀ kọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò nílùú yìí ná. A ó fọ̀ ọ́ mọ́."

Ìyá Ìdrís pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹyin lohùn o!" Bàbá Tìjání dé fìlà rẹ̀ padà, ó rọra jókòó, ó ń ká okùn ìwọnṣọ mọ́ ìka. Súlìyát dìde, ó gbé gèlè ẹlẹ́rẹ̀ náà wọlé, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé. Kò jáde mọ́ títí tí àlejò fi lọ.

Ọyẹ́ dé. Odò fà, iyanrìn yọ sókè láàárín rẹ̀. Súlìyát kì í gbé fóònù rẹ̀, bí Ọláòtán bá sì dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní ó lọ sí Odekpe, tàbí ó lọ sí ọjà. Ìyá Ìdrís ń pààrà fóònù láàárín Odoakpu àti Ọ̀yọ́. Ó ní bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo, ṣùgbọ́n ṣe ni Ìyá Ọláòtán ń gbọn ọwọ́. Nígbà tó gbọn ọ́n tán, ó rọ̀. Ó ní òun gbà, bí ọmọ náà bá lè wá gbé ọ̀dọ̀ òun l'Ọ́yọ̀ọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí òun fi ẹnu rẹ̀ sínú omi gbígbóná, kí òun kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀.

Ọláòtán kò jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti ń rù. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé Asaba, á dúró létí odò, á máa wo òdìkejì, á máa wá apá ibi tí Odoakpu wà láàárín òrùlé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun kórìíra ibẹ̀. Á pòṣé. Ọkàn rẹ̀ á máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, kí lo sọ gan-an lọ́jọ́ náà? Á dá ọkàn rẹ̀ lóhùn pé òótọ́ ni mo sọ.

Bánkì wá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tó ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ tó dé, wọ́n ní kó padà sí Ìbàdàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú ọ́fíìsì.

"Ìdáǹdè dé!" ó wí fún Bùnmi. "Màmá ti gbà, èmi àti Súlìyát ń lọ sílé."

"Ṣé ó ti dárí jì ọ́?"

"Ta ni? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?"

Bùnmi wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó wọ aṣọ sódì wá síbi iṣẹ́, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé tó fẹ́ lọ, ó gba Odoakpu lọ. Súlìyát wà nídìí maṣíìnì lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó rí i, ó dìde, ó sì kúnlẹ̀ lórí orókún méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ wọlé. Ẹ jókòó."

Ọláòtán pàtẹ́wọ́. "Súlìyát! Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

"Ó yọ̀ lẹ́nu rẹ bí ọmọ Ọ̀yọ́! Màmá á gbọ́ ọ, orí wọn á wú. Wọ́n ti gbà, ṣé Ìyá Ìdrís sọ fún ọ? Mo ń padà sí Ìbàdàn. Palẹ̀ mọ́, jẹ́ ká lọ."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," Súlìyát wí. "Ẹ ní mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu." Ó kọjú sẹ́yìn. "Bàbá, tíì rẹ ń tutù o. Ìgbà wo lo fẹ́ mu ún?"

"Mò ń mu ún, ọmọ mi."

Ìyá Ìdrís yọ orí láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní, "Súlì, bá mi mú kóòmù mi wá."

"Wá mú un fúnra rẹ, jàre. Ọwọ́ mi dí," Súlìyát wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ó tún kọjú sí Ọláòtán, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó na nylon kan sí i. "Ẹ má bínú, sà. Ṣòkòtò yín ti wà níbí láti ìgbà òjò. Mo ti rán an."

Ọláòtán gba nylon náà. Ayọ̀ rẹ̀ ti ń dínkù, kò tíì mọ ìdí. Ó wo baba, ó wo Ìyá Ìdrís, ó wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pé pérépéré.

"Súlìyát, èmi ni o. Kí ló dé tí o ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé kọ́sítọ́mà ni mí?"

"Kọ́sítọ́mà wa ni yín, sà."

Òye bẹ̀rẹ̀ sí í yé e, láti ẹsẹ̀ bọ̀ wá sókè, bí omi gọ́tà ọjọ́ kìíní. "Bàbá rẹ lo ń pè ní 'o'," ó wí. "Ìyá Ìdrís lo ń pè ní 'o'. Pè mí ní 'ìwọ'."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ ti kọ́ mi. Ẹ ní àgbà, àlejò, ẹni tí kì í ṣe ara wa."

"Mo fẹ́ràn rẹ!"

"Mo mọ̀, sà." Kò dìde lórí orókún. "Ẹ fẹ́ràn mi, ẹ sì kórìíra gbogbo ohun tó tọ́ mi. Bàbá mi jókòó síbí yìí lọ́jọ́ tí ẹ ní ẹ ó fọ̀ mí mọ́. Mo sunkún títí omi fi tán lójú mi. Ó ti tán."

"Bú mi. Sọ pé ẹnu mi ń rùn. Ohunkóhun. Ṣá ti pè mí ní 'ìwọ', lẹ́ẹ̀kan péré."

Súlìyát mi orí pé rárá. Ọláòtán kọjú sí baba arúgbó tó ń pè é ní ọmọ mi láti ọjọ́ tó ti ró àgékù léèsì nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá Tìjání gbé ife tíì kalẹ̀. Ó dìde, ó tẹrí ba fún un, bó ṣe yẹ kí wọ́n kí èèyàn pàtàkì.

"Ẹ lọ ire, ọ̀gá," ó wí. "Ẹ rọra tẹ pákó yẹn."

Ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó rìn dé títì Iweka, nylon rẹ̀ lọ́wọ́, kò bo imú. Àwọn tó ń pe èrò sáré bò ó. "You! You wey carry nylon! Ibadan? Enter, e remain one!" Ó wọlé. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Nna, shift." Ọmọ tó ń ta omi na omi sí i lójú fèrèsé, ó ní, "You go buy?" Awakọ̀ ní kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà. Gbogbo Onitsha pátá ló pè é ní 'ìwọ' láàárọ̀ ọjọ́ náà, àfi ilé kan ṣoṣo.